Oògùn Aràn Fún Táńkì Ẹja: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Ìgò Kékeré Kan

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó máa ka èyí, aràn pupa ti gba táńkì mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò sì ráyè ìtàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lò ó, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́. Ṣùgbọ́n lílò àkọ́kọ́ yẹn, ẹja mi kan àti edé mi méjì bá a lọ. Tí a bá pín ẹ̀bi ọ̀hún sọ́nà mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ tèmi. Ẹyọ kan tó kù, ẹni tó kọ ìwé ìlò inú páálí rẹ̀ ni kó wá gbé e.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí mo fi ìbínú pè wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa bú wọn nítorí mi. Ara ìgò ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ levamisole síbẹ̀, irú rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Manchester. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, oorun kì í tètè wá. Mo máa ń gbé àga síwájú táńkì, màá mu tíì mi tán níbẹ̀ kí n tó lọ sùn. Lítà 180 ni táńkì yẹn gbà, omi iyọ̀ ni, gíráàmù 35 iyọ̀ sí lítà kan, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá mi tó ti ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó bí mi kò tíì dárí táńkì yìí jì mí. Gbogbo ìgbà tó bá rí i lórí fídíò ló máa ń sọ ọ́: “Àbẹ̀kẹ́, ẹja tó o fi owó gọbọi rà, tó ò ní sè, tó ò ní yan, òun lo tún ń ra oúnjẹ fún?” Mo máa ń sọ fún un pé ẹ má bínú, màmá. Kí ni kí n sọ?

Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni iyùn kan tí mo rà ní oṣù kejì ọdún. Kì í ṣe iyùn tí ìyàwó ń so mọ́rùn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí ni wọ́n. Ti ọrùn ìyàwó, tó bá jẹ́ ojúlówó, egungun tí ẹ̀dá inú òkun kan mọ sílẹ̀ ni. Èyí tí mo rà kò légungun rárá, ó rọ̀, ó tẹ́ bí olú, àwọ̀ ewé ni, ó sì ń dán bí àńkárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Páọ́n-ùn 25. Mo bi ọmọkùnrin tó tà á fún mi bóyá wọ́n ti rì í bọ omi oògùn kí wọ́n tó gbé e síta. Ó ní, “A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ẹ gbọ́ èsì yẹn dáadáa. Kò sọ pé àwọn ti ṣe é fún eléyìí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí àmì kan lára dígí. Mo rò pé epo pupa ló ta sí i. Mo fi ìka nù ún, kò kúrò. Mo wá aṣọ, mo tún nù ún. Ìgbà náà ni àmì ọ̀hún bá rọra yọ́ lọ sókè, kò yára, kò dúró, bí ẹni tí kò rí mi rárá.

Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Nígbà tí àjíǹde fi máa dé, òkúta apá òsì, níbi tí omi kì í ti fi bẹ́ẹ̀ ru, ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n da ata gígún sí i. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń yọ, tí iná bá tàn. Tí mo bá pa iná alẹ́, òkúta á funfun padà, ìwọ á ní kò sí ohunkóhun níbẹ̀ rí. Ohun tó ń gbé wọn wá síbi ìmọ́lẹ̀ ni pé ewé omi tíntìntín kan ń gbé inú ara wọn, tí ojú lásán kò lè rí. Ewé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, aràn sì ń bá a jẹ níbẹ̀. Onílé àti ayálégbé, àmọ́ ayálégbé ló ń bọ́ onílé.

Bàbá Fèyí ń tún fóònù ṣe. Ó ní awò kan tó fi ń wo inú bọ́ọ̀dù, tó máa ń sọ wáyà tó tín bí irun di okùn. Mo fi ọ̀pá ìfami fa aràn kan sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e sábẹ́ awò náà. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́rin lọ, ó sì tẹ́ débi pé tó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, o ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́. Iwájú rẹ̀ rí roboto. Ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí ìrù kúkúrú mẹ́ta, bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé etí aṣọ. Kò ní ẹsẹ̀, kò sì lọ́ bí ekòló. Irun wẹ́wẹ́ tó bo gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń wọ́, ó ń yọ̀ lọ lórí itọ́ tirẹ̀. Kò ní ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí, kò ní ẹ̀jẹ̀: ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn inú omi ń gba awọ ara rẹ̀ wọlé tààrà. Ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, ṣùgbọ́n kò ní ìfun. Ohun tó bá gbé mì kàn bọ́ sáàárín ẹran ara rẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti máa dà.

Fèyí, ọmọ ọdún méje, bi mí pé, “Mọ́mì, ibo ló wá ń gbà yàgbẹ́?” Mo ní ẹnu yẹn náà ni. Kò jẹun alẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Mo máa ń pa ẹyin edé kan tó kéré jọjọ fún àwọn ẹja mi, ọmọ rẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ kò ju eruku lọ. Mo kán díẹ̀ sínú àwo náà. Aràn yìí gbé iwájú ara rẹ̀ sókè bí ìgbà tí èèyàn ṣí ọmọrí ìkòkò díẹ̀ kí ooru lè jáde. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ edé kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì dé e mọ́lẹ̀. Mo ní kí Bàbá Fèyí wá wò ó. Ó wò ó tán, ó ní àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kan wà ní Ọ̀rẹ̀ tó mọ irú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó tì wọ́n títí oorun fi lọ pátápátá ni bí wọ́n ṣe ń bímọ. Ẹ̀yìn ni ọmọ ti ń hù, láàárín àwọn ìrù mẹ́ta yẹn, bí ìgbà tí iṣu bá ń ta. Orí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí orí ìyá. Èyí túmọ̀ sí pé tí ìyá bá fẹ́ lọ síwájú, ọ̀nà òdìkejì ni ọmọ máa ń fà sí. Mo rí ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé: wọ́n ń fa ara wọn lórí àwo, ìyá lọ síbí, ọmọ lọ sọ́hùn-ún, awọ kékeré tó so wọ́n pọ̀ ń gùn, ó ń tín, ó já. Ọmọ kò wẹ̀yìn. Ìyá pàápàá kò wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá yìí ni àwọn onímọ̀ sọ ní Convolutriloba retrogemma lọ́dún 1988, orúkọ yẹn gan-an sì ń tọ́ka sí ọmọ tó ń hù sódì. Kò nílò akọ, kò nílò abo. Ẹyọ kan tó bá iyùn wọlé tó láti kún táńkì, ìdí nìyẹn tí “mo rí ẹyọ kan péré” kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú.

Ẹ máa rí i tí àwọn èèyàn ń pè é ní planaria pupa. Kì í ṣe planaria, ìyẹn irú aràn pẹlẹbẹ kan tó ní ìfun. Kódà, bí ẹ bá lọ bá onímọ̀ tó fẹ́ tọ̀nà délẹ̀, ó lè sọ pé kò sí nínú ìdílé aràn pẹlẹbẹ gidi mọ́: láti ọdún 1999, nígbà tí wọ́n fi àbùdá wọn wé ti àwọn ẹ̀dá yòókù, ni wọ́n ti yọ àwọn tí kò nífun yìí kúrò láàárín àwọn aràn pẹlẹbẹ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jà lórí ilé tí wọ́n máa kó wọn sí. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní etíkun Roscoff nílẹ̀ Faransé, ó tún wà ní erékùṣù Guernsey, àwọ̀ ewé pátápátá ni tiẹ̀. Tí òkun bá fà, wọ́n á yọ sórí iyanrìn tútù bí ewédú tó dà sílẹ̀, wọ́n ń yá oòrùn. Tí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, wọ́n á rì sínú iyanrìn. Ìyẹn nígbà tó bá dàgbà kì í jẹun mọ́ rárá, ewé inú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Mo fẹ́ lọ wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Bàbá Fèyí ní òun ò ní san owó ọkọ̀ ojú omi torí aràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọjà.

Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà nígbà tiwa mọ Ketrax. Ní ìparí ọlidé, kí a tó wọlé ìwé, màmá mi á tò wá láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò, á gbé ṣíbí, á ní ẹnikẹ́ni tó bá tutọ́ máa mu ìlọ́po méjì. Levamisole ló wà nínú Ketrax. Òun náà ló wà nínú ìgò tí mo ra ní páọ́n-ùn 13 àti àádọ́ta pẹ́ńsì yìí. Nígbà tí mo ka ara ìgò, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ohun tó máa ń ṣe fún aràn inú ikùn ni pé á mú iṣan rẹ̀ le gbagidi, aràn ò ní lè di ìfun mú mọ́, ìgbẹ́ á gbé e lọ. Nínú táńkì, ojú mi rí ohun tó jọ ọ́: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo kán an sómi, àwọn aràn ká kò bí ewé tí iná rà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ kúrò lára òkúta.

Inú mi dùn. Mo ya fídíò. Mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Wálé ní Luton, tí òun náà ń sin iyùn, mo ní, “Ẹ wá wo iṣẹ́ Ketrax!” Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, “Ṣé o kọ́kọ́ fa wọ́n jáde?”

Fa kí ni jáde?

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ìwé ìlò kọ sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, ní lẹ́tà tó tín ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Oògùn kọ́ ló ń pa ẹja. Àwọn aràn yìí ní oró nínú ara wọn, ìdí sì nìyẹn tí ẹja púpọ̀ kì í fi í jẹ wọ́n. Tí ẹyọ kan bá kú, kò sí nǹkan kan. Tí ẹgbẹ̀rún bá kú lẹ́ẹ̀kan náà nínú omi tí kò ṣàn lọ síbì kankan, gbogbo oró wọn á tú sómi papọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé iwájú táńkì, omi ti pọ́n, àwọn aràn tó kú ń léfòó kiri bí ìyókù ata nínú omi tí wọ́n fi ṣan ọlọ. Àwọn edé méjèèjì ti dùbúlẹ̀. Ẹja onílà mẹ́fà ń mí gúlegúle lẹ́bàá pọ́ńpù. Ẹja yìí gan-an, ṣọ́ọ̀bù ló ní kí n rà á torí pé ó ń jẹ aràn. Mo rí i tó jẹ ẹyọ kan rí, ó tu ú dànù.

Mo da èédú sínú asẹ́ omi, mo sì pààrọ̀ omi, ṣùgbọ́n garawa méjì péré ni mo ní nílẹ̀. Omi iyọ̀ kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí èèyàn lè ṣí kó máa dà. O gbọ́dọ̀ pò ó, kó yòrò, kó móoru. Mo pò, mo pò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹja onílà mẹ́fà kú ní aago méjì òru. Mi ò lọ ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ní inú ń run mí. Irọ́ kọ́ ni tán.

Nígbà tí mo pè wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn, obìnrin tó gbé fóònù gbọ́ ẹjọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní òun kẹ́dùn, ó bi mí iye òkúta tó wà nínú táńkì, ó ní ṣé mo yọ àyè wọn kúrò nínú lítà 180. Mi ò yọ ọ́. Omi gidi tó wà níbẹ̀ kò ju 150 lọ, oògùn tí mo kán ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun á sọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìlò kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ oró yẹn sókè. Mo ra páálí tuntun kan fún Bọ̀dá Wálé ní oṣù tó kọjá. Ìlà tó kẹ́yìn náà ló ṣì wà.

Lílò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, torí àwọn kan wà nínú ihò òkúta tí wọn ò kú. Wọn ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo kọ́kọ́ fi fà wọ́n. Rọ́bà tín-ín-rín ni mo fi fà á, bí wọ́n ṣe máa ń fa epo nínú mọ́tò nígbà ọ̀wọ́n epo, mo fi ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Fèyí sẹ́ ẹ sínú garawa, omi á kọjá, aràn á dúró. Ọ̀sán ni kí ẹ fà wọ́n, nígbà tí wọ́n bá jáde wá yá iná. Mo rí bí ìdajì ife tíì kó. Mo pa ẹ̀rọ tó ń yọ ìfófòó, mo kó èédú kúrò kó má baà fa oògùn mu, mo pò omi tuntun 60 lítà sílẹ̀ kó tó di pé mo ṣí ìgò. Mo kán an, mo ka ìṣẹ́jú. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń já bọ́, mo ń fà á. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, mo dá èédú padà, mo pààrọ̀ omi. Kò sí ẹyọ ẹja kan tó kú. Iyùn olú yẹn tilẹ̀ là sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí aràn kò bò ó mọ́lẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mọ́. Wọn kì í jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ o, òjìji wọn ló ń pa á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìṣọ́ra lásán ni, mi ò rí ju márùn-ún lọ.

Àwọn kan máa sọ pé kí lo dé tí o ò lo ìgbín òkun dípò oògùn. Bọ̀dá Wálé lò ó. Ẹ̀dá tó rẹwà ni, Chelidonura varians lorúkọ rẹ̀, ó dúdú bí àrán, ìlà búlúù yí etí rẹ̀ ká, aràn tí kò nífun yìí nìkan ló sì mọ̀ ní oúnjẹ. Ó jẹ wọ́n bí ẹni jẹ ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí oúnjẹ tán ńkọ́? Tiẹ̀ ò tilẹ̀ dúró de ebi, pọ́ńpù fà á wọlé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Bọ̀dá Wálé kò fẹ́ kí n sọ iye tó rà á.

Kí ẹ má sì ra oògùn yìí fún aràn tó ń jẹ iyùn Acropora. Ìyẹn aràn pẹlẹbẹ gidi ni, ó ní ìfun tirẹ̀, awọ iyùn ló ń jẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti iyùn mu débi pé ojú àpá tó jẹ lo máa rí kó o tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó máa ń yé ẹyin mọ́ ìdí iyùn, oògùn kì í sì í ran ẹyin. Ọ̀tọ̀ ni ogun tìyẹn.

Ìgò fúnra rẹ̀ dára. Ẹnu rẹ̀ ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í da gììrì. Kò ní òórùn kan pàtó, aràn tó ń kú ló ń rùn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìgò kan tó mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdajì ṣì kù. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìlà tó kẹ́yìn yẹn wá sókè, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tí agbàṣẹ́ alẹ́ lè kà, màá fi ìkarùn-ún kún un. Ṣọ́ọ̀bù tó ta iyùn fún mi, méjì, torí pé wọ́n dá owó iyùn padà láìjiyàn.

Ìdajì tó kù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè pátápátá, mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí i lára ní Yorùbá gbàgà-gbàgà pé TI ẸJA NI, KÌ Í ṢE TI ÈÈYÀN. Màmá mi ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, inú ọlidé. Mo ti ṣèṣì sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn fún un lórí fóònù, ó sì ti bi mí ìgbà wo ni Fèyí lo oògùn aràn kẹ́yìn.